Nimotallahi Bèèrè Ẹni Tó Ni Àpò

Ẹ má tíì bọwọ́ lù ú, Màmá Ẹ̀bùn, ọ̀gá wa! Mo fi Ọlọ́run tó dá yín bẹ̀ yín, ẹ gbé kálàmù yẹn sílẹ̀ ná, nítorí bí ẹ bá fi lẹ́tà yẹn lé Nimotallahi lọ kí n tó sọ tinú mi tán, èmi àti ilé ẹ̀kọ́ yìí ti parí nìyẹn, n ó sì kó ẹrù mi jáde lónìí. Rárá, n kò ní jókòó. Ẹ ṣeun, mà. Orí kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù ni mo jókòó sí láti Yerwa dé Jiddari Polo níbí, ìjókòó ti tó mi. Ìwé ìdánwò tí ẹ rán mi lọ gbà lọ́wọ́ atẹ̀wé nìyí, ó pé, ìkankan kò ya. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi, mo jẹ́ ẹ. Èyí tí ẹ ṣe nígbà tí mo kẹ́yìn ni mo wá bi yín.

Ẹ ní ta ló sọ fún mi? Kí ni ìyẹn yóò ṣe fún yín, mà? Jàáfárù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ ọ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ júwe, ó ń yangàn pé òun mú olè. Olè! Tọ́láṣe sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Gbogbo kíláàsì karùn-ún ló sọ ọ́. Mo sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnu wọn má baà kó ran ara wọn, nítorí ẹ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́: ohun tí n kò bá tíì wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, n kì í pè é ní òtítọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó dá mi lójú. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ òní, nígbà tí ẹ mọ̀ pé mo ti jìnnà, ẹ kó ìwé àtijọ́ sínú báàgì dúdú tó wà lórí tábìlì yín yìí kí ó lè wúwo. Ẹ tì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì tó wà létí ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, nígbà tí àwọn ọmọ wà níta fún eré. Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ dúró lẹ́yìn kíláàsì, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ ń wo ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ṣe. Àdánwò, àbí? Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn èmi Fèyíkẹ́mi ti ṣiṣẹ́!

Yé! Màmá Ẹ̀bùn! Nínú ìlú yìí? Nínú Maiduguri yìí kan náà tí àwa àgbà kì í fẹsẹ̀ kan ike omi tó dá dúró létí títì, tí ẹ̀yin fúnra yín kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ tú àpò yín wò lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹni tó bá gbàgbé láílọ́ọ̀nù ẹran sínú ọkọ̀ lè mú kí odindi ọkọ̀ tú jáde láìdúró gba ṣéńjì? Nínú ìlú yìí ni ẹ ti gbé báàgì tí kò lólúwa pamọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì? De Nimotallahi?

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà létòlétò. Inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí mi tí n kò to ọ̀rọ̀, n ó sọ èyí tí ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ fún àgbà.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà lẹ́yìn oṣù gbọọrọ tí a fi tì í pa, ta ló kọ́kọ́ pe ọmọ yẹn ní jàǹdùkú? Èmi ni. N kò ní purọ́ níwájú yín. Ó ju àpò Bíọ́lá síta láti ojú fèrèsé, mo ní kí ó kúnlẹ̀ lábẹ́ igi dongoyaro. Ó ju ti Àṣírù, mo ní kí ó kúnlẹ̀ kí ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ju ti Sàlímọ́tù, Sàlímọ́tù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ àkàrà kósáì nínú bébà kan ṣoṣo, ni mo bá mú ẹgba, mo nà án ní mẹ́ta. Kò sunkún. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wo fèrèsé.

Wíwo tó ń wo fèrèsé yẹn ni kò fún mi nísinmi. Ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n a máa wo ojú ẹni tó ń nà án, tàbí kí ó wo ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èyí ń wo ibi tí àpò bọ́ sí, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó sì ń dúró de kí iye rẹ̀ pé. Ni mo bá wá ìwé kan, mo fa ìlà sí i: ọjọ́, wákàtí, àpò ta ni, níbo ni ẹni tó ni ín wà. Àpò mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo rò pé àwọ̀ ni. Ọ̀kan pupa, ìkejì dúdú, ìkẹta ní àwòrán ológbò lára, kì í ṣe àwọ̀. Mo rò pé ebi ni. Ó jù ú kí wọ́n tó jẹun, ó sì jù ú nígbà tí wọ́n yó. Mo rò pé ìkórìíra ni. Ta ni yóò kórìíra Sàlímọ́tù? Mo wá rí i pé ìgbà tí ọmọ kan bá jáde lọ tọ̀ ni, inú mi dùn, àṣé ayọ̀ ọ̀sán kan ni, nítorí Àṣírù wà nínú kíláàsì gbágbáágbá lọ́jọ́ tí tirẹ̀ fò jáde! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ro Àṣírù, mà. Mo ń se ọbẹ̀, mo ń ro Àṣírù. Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo rántí pé èmi fúnra mi ni mo pè é wá síwájú kí ó wá ṣe ìṣirò lára pátákó. Ó wà nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n kò sí nídìí àpò rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe àpò, kì í sì ṣe ènìyàn ni ọmọ náà ń bá jà. Àpò tí ẹni tó ni ín ti fi sílẹ̀ ni kò lè bá gbé inú yàrá kan náà. Mo tún wò ó sí i. Bíọ́lá jáde, Tọ́láṣe gbé ẹsẹ̀ lé àpò rẹ̀ láìmọ̀, Nimotallahi kò fọwọ́ kàn án. Mo sún mọ́ ọn, mo dẹ etí sí ètè tó ń mì yẹn, èyí tí mo ti ń pè ní ìsọkúsọ. Èdè Hausa ni, ẹ sì mọ̀ pé òun ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá ìyá rẹ̀ lọ. “Jakar wa ce?” Ta ló ni àpò yìí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò bèèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Bí ẹnì kan bá dáhùn, ara rẹ̀ á balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, fèrèsé!

Mo lọ bá ìyá rẹ̀, Mùfúlíátù aránṣọ, nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò dúró kí ó tó sọ ọ́. Ó ń ránṣọ lọ ni, ó ń sọ ọ́ lọ, bí ẹni pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró, ohùn rẹ̀ yóò dúró. Ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bàbá wọn nínú ìsọ̀ rẹ̀ nítòsí ọjà màlúù Kasuwan Shanu. Nimotallahi rí àpò kan lábẹ́ bẹ́ǹṣì oníbàárà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fà á yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó fi í sílẹ̀, kí ó má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a kọ́ wọn? Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ kọ ọ́ sára ògiri ní kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà? Ó gbọ́ràn. Ọmọ gbọ́ràn, mà! Ó gbé ike, ó lọ pọn omi lẹ́yìn ọjà. Kí ó tó padà dé, àpò náà ti bú gbàmù, kò sí ìsọ̀ mọ́, kò sí bàbá, kò sí ẹ̀gbọ́n. Ìyá rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà, nǹkan kan náà ni ọmọ ń wí: èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Ẹ sì jókòó síbí, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ fẹ́ kí ó kọ́ láti má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn! Ó ti kọ́ ọ, ó sì yege. Ẹ ò rí ohun tí ó fi san án?

Rárá o, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ta ló ní ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wà níbẹ̀? Ohun tí mo ṣe kò gba oògùn kankan, kò gba ju ẹnu àti ọwọ́ lọ. Mo sọ fún kíláàsì náà pé láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ kúrò nídìí àpò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹnì kejì, ẹni náà yóò gbé ọwọ́ lé e, yóò sì wí sókè pé “Tawa ce”, tèmi ni. Nimotallahi ni mo sì fi ṣe olórí. Òun ni yóò dìde láàárọ̀, òun ni yóò bèèrè, kì í ṣe lábẹ́ ètè mọ́, sókè ketekete: jakar wa ce? Wọn yóò sì dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ sọ ọ́ di eré, wọ́n ń fi ohùn ewúrẹ́ dáhùn, wọ́n ń fi ohùn ṣọ́jà dáhùn, Àṣírù a máa fi ohùn tiyín gan-an dáhùn, ẹ má bínú, ó sì jọ ọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, mà. Ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ mọ́kàndínlógún, àpò kan ṣoṣo kò jáde lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé mi, pẹ̀lú wákàtí.

Ta ló wá sọ àṣírí rẹ̀ fún yín? Ẹ má dáhùn, èmi ni. Èmi yìí, Fèyíkẹ́mi, tí wọ́n kó gbogbo àgùnbánirọ̀ ẹgbẹ́ mi kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí tí mo lọ kàwé sí i, tí mo sì tún padà wá, tí mo rò pé orí mi pé. Mo wọ yàrá olùkọ́ bí ẹni tó já àlọ́ tí gbogbo ìlú kò lè já, mo ṣí ìwé mi síwájú yín, mo fi ika tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní, “Fèyíkẹ́mi, o gbìyànjú.” Inú mi dùn títí mo fi délé. Àṣé kọ́kọ́rọ́ ọkàn ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé lé yín lọ́wọ́. Bí n kò bá fi ìwé mi yangàn, ẹ kì bá tí mọ irú báàgì tí ẹ ó gbé, ẹ kì bá tí mọ ibi tí ẹ ó tì í sí. Ọgbọ́n mi ni ẹ fi dẹ pàkúté. Ìyẹn ló ń dùn mí, ju ohun tí ẹ ṣe lọ pàápàá.

Ó bèèrè, àbí kò bèèrè? Ẹ sọ ọ́ fún mi tòótọ́tòótọ́. Tọ́láṣe ní ó rí báàgì náà, ó dìde, ó sì bèèrè sókè bí mo ṣe kọ́ ọ. Jakar wa ce? Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ó tún bèèrè. Sàlímọ́tù ní kì í ṣe tòun, Bíọ́lá ní kì í ṣe tòun. Ó wá yíjú sí ẹ̀yìn kíláàsì, ó wò yín lójú, ẹ̀yin nìkan ni àgbà tó wà níbẹ̀, ó sì bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin! Ẹ wà níbẹ̀! Báàgì yín ni! Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá gbà, mà, sílébù méjì, mẹ́ta. Ẹ pa ẹnu mọ́. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà. Ẹ̀yin wà lọ́jà o, Màmá Ẹ̀bùn, ẹ sì ń wo orí ọmọ bí ó ṣe ń wọ́.

Ó gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé e, kò jù ú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé “ó gbé báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀ sá jáde, ó sì kọ̀ láti dúró nígbà tí ẹ̀ṣọ́ pè é”. Òótọ́ ni. Ó gbá a mọ́ àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sáré gba pápá kọjá, Jàáfárù ń kígbe “Ɓarauniya! Ɓarauniya!” tẹ̀lé e, olè, olè, kò wẹ̀yìn. Ó sáré dé kòtò ìdàlẹ̀nù lẹ́yìn ògiri, ó jù ú sínú ẹrẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ bo orí. Bẹ́ẹ̀ ni Jàáfárù bá a. Ẹ̀yìn ọmọ tó dojú bolẹ̀ ni ó na ọ̀pá lé.

Ṣé olè a máa jalè tán kó jù ú sínú kòtò? Ṣé olè a máa dojú bolẹ̀?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò wọlé fún mi, bí ẹ ti mọ̀ mí. Àpò mọ́kànlá, fèrèsé mọ́kànlá. Kí ló dé tí ìkejìlá kò gba fèrèsé? Fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sì ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí i. Wọ́n ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Èyí kò sá fún un, ó gbé e mọ́ àyà! Ìdí rẹ̀? Mo bèèrè lọ́wọ́ Àṣírù, kò mọ̀. Mo wá bèèrè lọ́wọ́ òun gan-an, ní ìsinsìnyí, níta níbẹ̀, níbi tí ó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, “Anti, yara suna ƙarƙashin taga.” Àwọn ọmọ wà lábẹ́ fèrèsé.

Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, mà. Ẹ ti gbàgbé pé agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọ́n máa ń jáde wá ṣeré iyanrìn lábẹ́ fèrèsé kíláàsì karùn-ún, nítorí ibẹ̀ ni ìbòòji wà. Ó yọjú, ó rí wọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá jù ú, orí wọn ni yóò bọ́ sí; bí òun bá fi í sílẹ̀, kíláàsì òun ni. Ó ṣe ìṣirò yẹn, Màmá Ẹ̀bùn, láàárín èémí kan sí ìkejì, èmi tí mo ń kọ́ ọ ní ìṣirò, n kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí òun nìkan gbé e lọ.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ àwọn tó wà nínú iyanrìn náà? Mo lọ bi olùkọ́ wọn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Èyí tó jókòó sún mọ́ ògiri jù lọ, tó wọ sálúbàtà òdìkejì ẹsẹ̀, tó ń fi agolo wàrà kọ́ ilé... ẹ mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni mo fi ń pè yín láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí.

Ẹ rọra, mà. Ẹ rọra mí. Kò sí ohun tó ṣe Ẹ̀bùnolúwa, ìwé àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, èmi àti ẹ̀yin mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò mọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ rò pé n kò mọ̀? Àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ, ẹnu àwọn ará àdúgbò kò dákẹ́ pé ọmọ kan wà níbí tó ń ju ẹrù, ẹ sì fẹ́ rí òpin rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara yín kí ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ sọ fún wọn. Ó yé mi. Ìbéèrè yín kò burú, àdánwò yín ló burú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbẹ́ ti jinná kì í fi ọ̀bẹ kan náà tún un gún.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. N kò ní kí ẹ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, n kò ní kí ẹ lé Jàáfárù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́. Ọmọ bi yín ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta lówùúrọ̀ òní, ìbéèrè náà sì wà nílẹ̀ títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ojú fèrèsé. Ìyá rẹ̀ kò tíì bọ́ tépù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, bó ṣe ń ránṣọ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe sáré pè é. Ọmọ kò sunkún, ṣé ẹ rí i? Ó ṣì ń dúró. Ẹ jáde lọ bá a, ẹ dá a lóhùn. Ẹ ní tiyín ni. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún ìyá rẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní Hausa fún òun, kí gbogbo kíláàsì karùn-ún tó ń yọjú yẹn sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì lè bọwọ́ lu lẹ́tà yìí, ẹ bọwọ́ lù ú, n kò ní tún sọ nǹkan kan.

Ẹ ń dìde? Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ nu ojú yín ná. Ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ níbẹ̀, mo mọ ohun tí n ó fi í ṣe. Ẹ máa lọ, ilẹ̀kùn kò tì.

Màmá Ẹ̀bùn! Ẹ dúró! Báàgì náà! Orí tábìlì ni ẹ fi í sílẹ̀ sí, ẹ sì ń jáde lọ! Ẹ wò ó, Nimotallahi ti dìde, ó ti wá sẹ́nu fèrèsé, ó ti rí i, ẹ wo ètè rẹ̀, ó ti ń bèèrè. Ẹ padà wá, mà, ẹ padà wá kíákíá. Ẹ gbé e dání, kí ẹ sì dáhùn sókè!